Ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta ní FUTA, Àkúrẹ́: ẹ mọ géètì yín kí ẹ tó wá ibi tí ẹ máa sùn sí

Bí wọ́n bá tún pe ìpàdé ẹgbẹ́ wa sí Àkúrẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, màá lọ. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé yín kí n tó sọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe fojú mi rí màbo.

Ìbàdàn ni mo ti wọkọ̀, a gba Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí, FUTA, ìyẹn yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, ló máa kọ́kọ́ kàn kó tó wọ ìgboro Àkúrẹ́. Mi ò mọ̀. Mo jókòó títí a fi dé gárèjì, mo wá gbé dróòpù padà sí ọ̀nà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá. Bàbá tó wa táksí náà bi mí pé, "Mọ̀mí, FUTA níbo? North Gate àbí South Gate?" Mo ní, "Bàbá, wọn ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà o." North Gate ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, ó sì di pé ká tún yí lọ sí South Gate. Ọgbà náà fẹ̀ gan-an, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ là já pẹ̀lú báàgì méjì. Bàbá náà ò gba kọ́bọ̀ kún owó tí a dá. Mo dúpẹ́ títí, wọ́n ní àlejò ni mí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣètò ìpàdé, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ géètì sínú lẹ́tà ìpè. Orúkọ gbọ̀ngàn nìkan ò tó.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ló dùn mí jù. Fọ́tò ni mo wò tí mo fi gba yàrá ní Alágbàká. Àdúgbò náà dára lóòótọ́: ibẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba pọ̀ sí, ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, ó sì pa rọ́rọ́ lálẹ́. Ṣùgbọ́n òdìkejì ìlú ni FUTA wà. Láàárọ̀, ẹ máa la ojú ọ̀nà Ọba Adéṣidà kọjá, lásìkò tí àwọn ọlọ́jà àti ọmọ iléèwé ń jà fún táksí kan náà. Mo kúrò nílé ní aago 7:45. Nígbà tí mo fi máa jókòó, olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì tí mo torí rẹ̀ wá ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ó ká mi lára gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo kó lọ sí ilé àlejò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yunifásítì. Omi inú garawa ni mo fi wẹ̀, wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀ kí n tó parí àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kà. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni màá tún sanwó fún, torí pé mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ìpàdé, mo sì wà lórí ìjókòó kí wọ́n tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní mọ́tò tiyín, Alágbàká dára. Ẹni tó bá wọ bàlúù wá náà, kó rántí pé ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni pápákọ̀ òfurufú wà, yóò la ìlú já kó tó dé FUTA.

Ẹ gbé power bank dání. Ẹ mú owó beba kékeré-kékeré fún táksí, torí ṣénjì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì inú gbọ̀ngàn ò lágbára, ẹ ti gba gbogbo ohun tí ẹ máa kà sórí kọ̀ǹpútà yín láti ilé. Oṣù September la lọ, òjò rọ̀ lójoojúmọ́.

Oúnjẹ ńkọ́? Iyán ni, pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Iyán tí wọ́n gún lójú ẹni, tí kò ní kókó kankan. Ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, kó jẹ díẹ̀.

Ẹ fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ìpàdé fún Òkè Ìdànrè. Kò jìnnà sí Àkúrẹ́, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ààfin àtijọ́ sì ṣì wà lókè níbi tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin onímọ̀ ìtàn, ẹ rántí pé agbègbè Àkúrẹ́ yìí náà ni Ihò Eléérú wà, níbi tí wọ́n ti wú egungun ènìyàn àtayébáyé jáde lọ́dún 1965. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ gun Ìdànrè, kí oòrùn tó mú. Àwa mẹ́rin la jọ lọ, a sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, mo sì rí ọkọ̀ Ìbàdàn wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.