Àgò irin tó ń gba hard drive mẹ́rin: ó dáa, àmọ́ ẹ má lo wáyà inú páálí rẹ̀

Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà. Irú àpótí tí wọ́n ń ṣe nígbà tí kálukú ṣì ń kọ orin sórí CD ni: àyè mẹ́rin fún ẹ̀rọ CD níwájú, àyè méjì péré fún hard drive (ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí) nísàlẹ̀. Ta ló tún fẹ́ fi ẹ̀rọ CD mẹ́rin ṣe kí ni? Ìyẹn ni mo ṣe ra àgò irin yìí. Àyè ẹ̀rọ CD mẹ́ta ló ń gbà, hard drive ínṣì 3.5 mẹ́rin ló sì ń wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú fáànù mìlímítà 120 níwájú.

Wọ́n ṣe irin rẹ̀ dáadáa. Etí rẹ̀ kì í géni lọ́wọ́, ihò síkúrù ò sì wọ́. Ohun tí wọn ò kọ sára páálí ni pé ọ̀pọ̀ àpótí àtijọ́ ní ahọ́n irin kéékèèké tó yọ jáde lára ògiri àyè CD, èyí tí ẹ̀rọ CD máa ń jókòó lé. Àgò yìí ò lè kọjá níbẹ̀. Ẹ̀mú ni mo fi tẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri níkọ̀ọ̀kan, ariwo rẹ̀ sì ń ro mí léyín. Kí ẹ ṣe é kí drive kankan tó wọlé o.

Fáànù yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ yìn ín jù. Nísàlẹ̀ níbi tí drive wà tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè pẹ́ lára wọn. Ní báyìí, kí n máa kó fáìlì ńlá látorí ọ̀kan sórí òmíràn, wọ́n kàn máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Wáyà iná tó bá a wá ńkọ́? Ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí Molex kan (irú orí wáyà iná àtijọ́) tó pín sí orí SATA mẹ́rin (èyí tó ń gbé iná wọ drive) ni, irú èyí tí wọ́n yọ́ ike bo orí rẹ̀. Nínú ike yẹn, wáyà lè sún kan ara wọn láìsí ẹni tó máa rí i, irú wọn ló sì máa ń jó. Ẹ wá èyí tí ojú yín lè rí ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti wọlé. Drive ńlá kan lè fa nǹkan bí àmpù 2 lórí fólítì 12 nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Ẹ wá fi mẹ́rin sórí wáyà kan ṣoṣo! Okùn méjì láti ara power supply (ẹ̀rọ tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà) ni mo pín tèmi sí.

Ojú SATA tí wáyà fáìlì drive ń wọ̀ lára motherboard mi (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) ò tó, káàdì olójú SATA méjì tó ń wọ ojú kékeré PCIe x1 lára pátákó yẹn ló bá mi dí i. Ti ẹ̀dà PCIe 2.0 lè gbé tó MB 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì tó fún drive méjì tó ń yí. Drive tó bá ju TB 2 lọ, GPT (ètò tuntun tí wọ́n fi ń pín àyè inú drive) ni kí ẹ fi pín in, torí MBR, ètò àtijọ́, ò ní rí ìyókù.

Ìráhùn mi kan ṣì kù: bí drive kan bá kú, odindi àgò lẹ máa fà jáde kí ẹ tó rí i yọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ drive kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ má baà yọ èyí tó yè. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.