Èwo ni kí n gbé nínú QEMU, VMware, VirtualBox, Hyper-V àti Proxmox, bó bá jẹ́ pákẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ dá dúró tàbí kí n sẹ́?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ra VMware. Mo fẹ́ máa fi dá pákẹ́ẹ̀tì dúró." Àbúrò kan tó ń kàwé ní LASUSTECH ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, Ìkòròdú níbí. Ó ti ka owó sọ́wọ́. Mo ní kó dá a padà sápò ná. VMware Workstation Pro kì í ṣe ohun tí à ń fowó rà mọ́: láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló ti di ọ̀fẹ́, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ àti fún oníṣòwò. Èyí tó wá burú jù ni pé ohun tó fẹ́ ṣe gan-an kò sí nínú rẹ̀.

Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ni mo ṣe kó àwọn márùn-ún tí wọ́n máa ń dárúkọ síbí. Ètò ni gbogbo wọn, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà míì; kọ̀ǹpútà inú yẹn ni à ń pè ní VM. Mi ò ní fi wọ́n wéra lórí ẹwà ojú wọn. Ohun méjì péré ni mò ń wò: dídá pákẹ́ẹ̀tì dúró, ìyẹn ègé ìsọfúnni tó ń gba orí nẹ́ẹ̀tì kọjá, àti sísẹ́ rẹ̀, ìyẹn yíyan èyí tó máa kọjá àti èyí tí kò ní kọjá.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí ní èbúté wa á tètè mọ̀ wọ́n. Ọkọ̀ kì í ṣí kí èrò tó kún. Ẹni tó kọ́kọ́ dé á jókòó de ẹni tó dé kẹ́yìn, gbogbo wọn á sì gúnlẹ̀ pọ̀. Bọ́fà nìyẹn, ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ti ń dúró. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì àti ẹni tí kò wọ̀, tó sì ń dá àwọn kan padà, òun ni asẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé bọ́fà tó bá tóbi ló dáa. Ká ní ìlà kan gba pákẹ́ẹ̀tì 256, ìyẹn iye tí virtio, káàdì nẹ́ẹ̀tì tí QEMU ń fún VM, máa ń gbà bí a kò bá yí i padà. Ká ní pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 1,500. Bí ìlà náà bá kún, báìtì 384,000 ló wà níbẹ̀. Lórí nẹ́ẹ̀tì tó ń gbé mẹ́gábíìtì 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó wà nídìí ìlà á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀. Fún ẹni tó ń dáùnlóòdù, kò sí wàhálà. Fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ó ti bàjẹ́.

QEMU

Ọ̀fẹ́ ni. Fabrice Bellard, ará Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, òun àti KVM, apá Linux tó ń mú kí VM yára, tó ti wà níbẹ̀ láti 2007, ló sì jọ ń ṣiṣẹ́. Nínú àwọn márààrún, òun nìkan ló ní irinṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún dídá pákẹ́ẹ̀tì dúró ká tó tú u sílẹ̀: filter-buffer, tó wọlé pẹ̀lú QEMU 2.5 ní ìparí 2015. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

-object filter-buffer,id=f0,netdev=n0,queue=rx,interval=200000

Ìlà kan yìí ti fi ìrọ̀lẹ́ méjì ṣòfò fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo kọ interval=200, mo rò pé mìlísẹ́kọ́ǹdì ni. Mo ṣe ping títí, ìyẹn àṣẹ tó ń wọn bí pákẹ́ẹ̀tì ṣe ń pẹ́ tó kó tó lọ kó sì padà, kò yí padà. Màíkírósẹ́kọ́ǹdì ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló ń jẹ́ mìlísẹ́kọ́ǹdì kan. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, mo fẹ́ gba ohun tó ń wọ inú VM nìkan sílẹ̀, mo wá fi filter-dump, tó ń kọ pákẹ́ẹ̀tì sínú fáìlì, sí queue=rx. Nígbà tí mo ṣí fáìlì rẹ̀ nínú Wireshark, ètò tí a fi ń wo inú pákẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì VM fúnra rẹ̀ ni mo rí gẹ́gẹ́ bí olùfiránṣẹ́ lórí gbogbo pákẹ́ẹ̀tì. Ojú netdev, ìyẹn ẹnu ọ̀nà nẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́dọ̀ QEMU, ni QEMU fi ń wo rx (gbígbà) àti tx (fífi ránṣẹ́), kì í ṣe ojú VM. Ohun tí VM bá sọ jáde ni netdev gbà. Ẹni tó bá ń wá ohun tó ń wọlé, tx ni kó kọ.

Ẹ tún mọ̀ pé filter-buffer kì í fi iye kan náà dá pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan dúró. Ọkọ̀ ojú omi ni, àfi pé aago ló ń wò kó tó ṣí, kì í ṣe èrò. Èyí tó dé nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró fún mìlísẹ́kọ́ǹdì 200 odidi. Èyí tó bá ọkọ̀ lẹ́nu ìṣí kò ní pẹ́ rárá. Bí vhost, ọ̀nà àbùjá fún pákẹ́ẹ̀tì, bá sì wà ní títàn, QEMU á kọ̀ jálẹ̀, nítorí abẹ́ Linux ni pákẹ́ẹ̀tì á máa gbà kọjá, kò ní fojú kan QEMU.

Ní ti sísẹ́, orúkọ "filter" yẹn lè ṣini lọ́nà. Filter-mirror ń ṣe ẹ̀dà, filter-redirector ń darí pákẹ́ẹ̀tì gba ibòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ẹ máa sọ fún pé "má jẹ́ kí ti port 25, ti ímeèlì, kọjá." Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn á gba ọ̀dọ̀ libvirt lọ, ètò tí a fi ń darí QEMU. Asẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ clean-traffic, tí kì í jẹ́ kí VM fi àdírẹ́sì nẹ́ẹ̀tì (MAC tàbí IP) tí kì í ṣe tirẹ̀ purọ́.

VMware Workstation Pro

Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣe áàpù, tí ẹ sì fẹ́ mọ bó ṣe máa rí lọ́wọ́ ẹni tí nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dáa, mi ò ní dárúkọ òmíràn. Ẹ ṣí Network Adapter, ẹ tẹ Advanced: iye bandwidth, ìdá pákẹ́ẹ̀tì tó máa sọnù nínú ọgọ́rùn-ún, àti mìlísẹ́kọ́ǹdì tó máa fi pẹ́ wà níbẹ̀, ti ìwọlé lọ́tọ̀, ti ìjáde lọ́tọ̀. Kò sí àṣẹ gígùn kankan. Ṣùgbọ́n kò sí "dá a dúró títí màá fi ní kí o tú u," kò sì sí òfin asẹ́. Ẹ tún gbọ́dọ̀ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ Broadcom, tó ni VMware, kí ẹ tó lè dáùnlóòdù rẹ̀, ìyẹn sì ń gba sùúrù.

VirtualBox

Innotek ti Jámánì ló gbé e jáde ní 2007, ó ti wà lọ́wọ́ Oracle báyìí. Nictrace rẹ̀ ń kó pákẹ́ẹ̀tì sínú fáìlì fún Wireshark, bandwidthctl rẹ̀ sì ń dín bandwidth kù, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde nìkan ló ń dín. Ti ìwọlé, kò kàn án. Fún ẹni tó kàn ń kọ́ṣẹ́, ó tó. Ibi tí owó wà ni Extension Pack, àfikún tí wọ́n ń fi sí i: ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀ kò sanwó, ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ san. VirtualBox fúnra rẹ̀ kì í ṣe títà o. Oníbàárà wa kan ti rà á rí lọ́wọ́ ẹnìkan, nínú fláàṣì. Inú bí mi ju bó ṣe bí òun lọ.

Hyper-V kò pọ̀ lọ́rọ̀. Kò sí nínú Windows Home, Home ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà owó Pro ni ẹ máa kà mọ́ ọn. Asẹ́ rẹ̀ dáa: DHCP guard ń dá VM tó bá fẹ́ máa pín àdírẹ́sì lẹ́kun, ẹ sì lè fi PowerShell, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ nínú Windows, kọ òfin sí i. Dídá dúró kò sí.

Proxmox wà fún ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ kan tó lè yọ̀ǹda pátápátá, nítorí gbogbo ẹ̀rọ ló máa gbà. Lórí bráúsà, ní port 8006, ẹ lè kọ òfin firewall, ìyẹn asẹ́, fún VM kọ̀ọ̀kan, èyí tó rọrùn jùlọ nínú gbogbo wọn. Ẹ ṣọ́ra níbi Rate limit, tó ń dín bandwidth kù: mẹ́gábáìtì ló ń kà, báìtì kan sì jẹ́ bíìtì mẹ́jọ. Ẹni tó kọ 10 ti fún VM ní mẹ́gábíìtì 80. Owó ọdọọdún rẹ̀, iye sọ́kẹ́ẹ̀tì CPU ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ẹ san án. Bí ẹ kò bá san, á kàn máa rán yín létí nígbà tí ẹ bá ń wọlé.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta láptọ́ọ̀pù fún yín, ẹ ní kó tan án, ẹ wọ inú BIOS, ẹ wò ó bóyá VT-x (ti Intel) tàbí AMD-V (ti AMD), ohun tó ń jẹ́ kí CPU gbé VM dáadáa, wà níbẹ̀, pé ó sì ṣeé tàn. Láìsí i, èyíkéyìí tí ẹ bá gbé nínú márùn-ún yìí, ìyà ni.

Àbúrò yẹn fi owó rẹ̀ ra RAM, a fi Linux àti QEMU sí i fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ping ò pẹ́ o." Mo bi í pé kí ló kọ síwájú interval.

"200 ni, sà."