Kẹ́míìsì tí wọ́n ti bi mí léèrè àgbo

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì fún mi ni wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n kọ oògùn sórí ìwé pélébé kan, wọ́n ní kí n rà á níta. Ní ọsibítù yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí n kò gbọdọ̀ mu mọ́ ọn fún mi, ó sì ń dùn mí títí di òní. Kẹ́míìsì kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin tó wà lórí kántà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó kó oògùn kalẹ̀: metronidazole 400 mg, tí gbogbo wa ń pè ní Flagyl, cefuroxime 500 mg, oògùn apakòkòrò ni méjèèjì, àti parasitamọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ṣé ẹ máa ń mu ọtí?" Mo ní rárá o. Aránṣọ ni mí, mo ti lé láàádọ́ta ọdún, mi ò mọ bí bíà ṣe rí lẹ́nu.

Ó ní, "Àgbo ńkọ́?"

Ó wà nínú báàgì mi! Màmá ọkọ mi ni wọ́n gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí nínú ike omi, wọ́n ní kí n máa mu ún láràárọ̀ kí inú mi lè fọ̀. Mo gbé e sórí kántà. Ọmọ náà ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì nà án sí mi kí èmi náà gbọ́. Ògógóró pọ́ńbélé ni wọ́n fi rẹ egbò igi inú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mu irú ẹ̀, tí mo sì ń sọ pé n kì í mutí.

Ó ṣí ìwé inú páálí Flagyl, ó fi bírò fàlà sí ibi tí ìkìlọ̀ ọtí wà. Ó ní ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ lè máa bì, kí inú máa run ún, kí orí fọ́ ọ, kí ojú rẹ̀ gbóná, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní, àmọ́ kí n má fi ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán dán an wò. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo mọ ohun tí fífà ń ṣe sí ojú rírán tí kò tíì mú. Cefuroxime kì í bá ọtí jà bíi Flagyl, ṣùgbọ́n ọtí kì í jẹ́ kí ojú abẹ tètè jinná.

Ó ka hóró Flagyl 21 níṣojú mi, mẹ́ta lóòjọ́ fún ọjọ́ 7. Ó kọ ọ́ sára páálí: aago 6 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán, aago 10 alẹ́. Ó kọ ọjọ́ tí hóró ìkẹyìn bọ́ sí, ó ní ọtí kankan kò gbọdọ̀ kan ẹnu mi fún ọjọ́ 2 gbáko lẹ́yìn rẹ̀, kí n tiẹ̀ kúkú fi ṣe 3. Ó ní kí n máa wo ara ìgò oògùn ikọ́ pẹ̀lú, torí ọtí wà nínú òmíràn. Ó ní ẹnu mi lè máa ṣe bí ẹni tó lá irin, kí n má fòyà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún màmá ọkọ mi ló wá kù. Ọmọ náà ní kí n pè wọ́n, ó gba fóònù, ó kí wọn kú ìtọ́jú ìyàwó wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá a gbé àgbo náà pa mọ́ títí ara mi á fi yá. Wọ́n gbà.

Ohun tí n kò fẹ́ níbẹ̀ ni pé àga kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Mo dúró fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ọwọ́ lórí ikùn. Gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi ló sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi. Ó yẹ kí wọ́n wá kọ̀rọ̀ kan fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n yọ eyín fún àbúrò mi ọkùnrin, Flagyl ni wọ́n kọ fún òun náà, bẹ́ẹ̀ kì í fi ẹmu ṣeré lálẹ́. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ bá ọmọ náà.