Basketball-Reference: bí ẹ ṣe lè fi í díwọ̀n agbábọ́ọ̀lù NBA

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan ṣe wúlò tó fún ikọ̀ rẹ̀, tí iye ayò nìkan kò tó o, ìkànnì yìí ni kó lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ agbábọ́ọ̀lù náà, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ dé tábìlì tí wọ́n pè ní Advanced.

PER tí John Hollinger gbé kalẹ̀, òǹkà kan ṣoṣo tó kó iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù nínú àkọsílẹ̀ eré pọ̀, ni ojú máa kọ́kọ́ rí. Lọ́dọọdún, 15 ni ti agbábọ́ọ̀lù tó wà ní ìwọ̀n. Ẹ má gbé e gẹ̀gẹ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n yan Bruce Bowen sí ikọ̀ All-Defensive, ìyẹn àwọn tó mọ alátakò dí jù lọ lọ́dún, síbẹ̀ PER rẹ̀ kò wọ 15 nínú ìkankan nínú ọdún mẹ́jọ yẹn. Ohun tó fà á ni pé àkọsílẹ̀ eré ń ka bọ́ọ̀lù tí èèyàn já gbà. Kì í ka alátakò tí wọ́n há mọ́ igun tí kò fi ráyè ju bọ́ọ̀lù rárá.

BPM ti Daniel Myers, òǹkà mìíràn nínú tábìlì náà, sàn jù ú lọ fíìfíì. Ó ń sọ iye ayò tí èèyàn fi kún ikọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ wọn. 0 ni ti ẹni tó wà ní ìwọ̀n, −2.0 ni ti ẹni tí ikọ̀ lè rí mú láìnáwó púpọ̀. VORP ń fi èèyàn wé ẹni tó rọrùn rí mú yẹn, ó wá fi àkókò tó lò lórí pápá kún un. Ẹ wo Nikola Jokić ní 2021-22: BPM rẹ̀ jẹ́ 13.7. Ẹ fi 2 kún un, ó di 15.7. Eré 74 ló gbá, ìṣẹ́jú 33.5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 0.63 nínú ìṣẹ́jú 3,936 tó wà nínú eré 82. Ẹ fi 0.63 sọ 15.7 di púpọ̀, ẹ ó rí 9.9. Ìkànnì kọ 9.8, torí pé a ti gé ẹ̀yìn àwọn òǹkà. Kí ó lè di iye eré tí ikọ̀ borí, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2.7: eré bíi 26 ló fi jẹ́ kí Denver, ikọ̀ rẹ̀, borí ju bí ẹni tó rọrùn rí mú yẹn ì bá ti ṣe lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni kí wọ́n to orúkọ láìyọ àwọn tó gbá ìṣẹ́jú díẹ̀ kúrò. Ẹni tó wọlé fún ìṣẹ́jú 20 péré lè ga ju gbogbo wọn lọ. Ọdún tún ṣe pàtàkì. 1973-74 ni BPM ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka bọ́ọ̀lù tí èèyàn dènà. Bill Russell, tó ti fẹ̀yìntì ṣáájú ìgbà yẹn, kò ní in rárá, ṣùgbọ́n gbogbo 3,830 tí Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, dènà ló wọ inú ìṣirò.

Owó ni wọ́n ń gbà fún ìwádìí jíjinlẹ̀ lórí Stathead, ìkànnì mìíràn tí àwọn kan náà ní. Lórí fóònù, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kí ẹ tó ṣí tábìlì: apá ọ̀tún ni BPM àti VORP wà, wọn lè má hàn bí ẹ bá gbé e dúró láìfa tábìlì náà sí ẹ̀gbẹ́.