Páàdì eléèédú tàbí páàdì olóòfà: èwo ni kí ẹ rà tó bá jẹ́ géèmù àkíṣọ̀n lẹ fẹ́ràn?

Mo ti ra páàdì mẹ́rin, ìyẹn ohun ìdarí géèmù tí à ń dì mú lọ́wọ́, láàárín ọdún mẹ́fà. Méjì àkọ́kọ́ bàjẹ́ lọ́nà kan náà, ẹ̀kẹta kì í ṣe ohun tí wọ́n pè é, ẹ̀kẹrin ló wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Bí ẹ bá ń wá páàdì báyìí, tó sì jẹ́ géèmù tí wọ́n ti ń fi idà jà, tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó máa yẹ̀ àti ìgbà tó máa ṣá, lẹ fẹ́ràn, mi ò ní fi iye bọ́tìnnì dí yín lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló ní ọ̀pá méjì tí à ń fi àtàǹpàkò tì, bọ́tìnnì mẹ́rin lápá ọ̀tún, tírígà méjì tí à ń fà bíi ti ìbọn níwájú. Ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì wà nísàlẹ̀ ọ̀pá, níbi tí ojú kò tó.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá

Èyí tí mo ń pè ní eléèédú ló wọ́pọ̀ jù. Abẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà kékeré méjì, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì. Nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń wọ́ lórí ojú ọ̀nà tí wọ́n fi èédú kùn, ibi tí irin náà bá sì dúró sí ni páàdì fi ń mọ ibi tí ẹ darí ọ̀pá sí. Wíwọ́ yẹn náà ló ń pa á. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí kámẹ́rà ni irin ń ha èédú, èédú ń di lẹ́búlẹ́bú, eruku sì ń bá a pò. Bó pẹ́ bó yá, irin kò ní mọ àárín mọ́.

Ti olóòfà yàtọ̀. Òòfà kékeré ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pá, ohun kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń wọn agbára òòfà yẹn bó ṣe ń sún mọ́ ọn àti bó ṣe ń jìnnà sí i. Wọn kì í fara kan ara wọn. «Hall effect» ni wọ́n máa ń kọ sára páálí rẹ̀, orúkọ Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà tó ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1879. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun nínú géèmù pàápàá: Sega lò ó nínú páàdì Dreamcast tó jáde lọ́dún 1998. Irú kan tún wà báyìí tí wọ́n ń pè ní TMR. Òòfà náà ni, ṣùgbọ́n kì í jẹ bátìrì tó ti Hall. Ẹ kà á mọ́ olóòfà nínú gbogbo ohun tí mo bá sọ níbí.

Ohun tí ọ̀pá ń sọ nígbà tí ẹ̀yin kò sọ nǹkan kan

Ibí ni owó mi gbà lọ, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Eléèédú ni páàdì àkọ́kọ́ mi, ó sì bá ọwọ́ mi mu dáadáa. Ní oṣù kẹjọ, mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ bu omi mu. Nígbà tí mo padà dé, akọni mi ti rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kúrò níbi tí mo fi í sí, ó ti já sínú ọ̀gbun. Kò sí ọ̀tá kankan nítòsí. Ọ̀pá òsì ló ń tì í síwájú láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ohun tí àwa tó ń gbá géèmù ń pè ní drift nìyẹn.

Nínú géèmù tí kì í kánjú, èèyàn lè fara dà á. Nínú àkíṣọ̀n, kò ṣeé fara dà, torí pé àìtẹ ọ̀pá síbì kankan jẹ́ àṣẹ kan fúnra rẹ̀. Ẹ wo Dark Souls tàbí Elden Ring. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìyẹ̀ láìdarí ọ̀pá síbì kankan, akọni yín á fò sẹ́yìn. Bí ẹ bá darí ọ̀pá, á yí gbirigbiri lọ sí ibi tí ẹ darí rẹ̀ sí. Páàdì mi ń sọ fún géèmù pé mo ti tì í síwájú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìka mi kò sí lórí ọ̀pá. Mo tẹ bọ́tìnnì láti fò kúrò níwájú àáké, akọni mi yí wọ abẹ́ àáké náà. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ara mi ni mo ń dá lẹ́bi. Mo rò pé mo ti ń lọ́ra.

Devil May Cry 5 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, ẹ máa ń di ọ̀tá kan mú pẹ̀lú bọ́tìnnì lock-on, kí ẹ wá fi ọ̀pá sọ ohun tí idà máa ṣe: síwájú pẹ̀lú bọ́tìnnì ìṣá, akọni á ta gbọnrangandan lọ gún ọ̀tá, sẹ́yìn pẹ̀lú bọ́tìnnì kan náà, á gbé e sókè ọ̀run. Bọ́tìnnì kan, iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ pátápátá, ọ̀pá nìkan ló ń pààlà sí i. Ọ̀pá tó ti ń purọ́ díẹ̀ á máa fún yín ní ọ̀kan nígbà tí ẹ bá béèrè èkejì.

Bó bá wá jẹ́ ọ̀pá ọ̀tún ló bàjẹ́, nínú àwọn géèmù bíi Elden Ring, títa ọ̀pá yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ̀tá tí ẹ dì mú. Mo ti wà lẹ́nu ìjà pẹ̀lú ọ̀gá ọ̀tá tó ku díẹ̀ kó ṣubú, kámẹ́rà mi kàn yí lọ bá ajá kan lẹ́yìn ògiri.

Gbogbo ẹ̀tàn tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe ni mo ti dán wò. Mo kọ́kọ́ fẹ dead zone, ìyẹn àyè tí géèmù fi sílẹ̀ fún ọ̀pá láti yẹ̀ sí láìkà á sí àṣẹ. Akọni mi dúró jẹ́ẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pá wá di olóríkunkun: mo ní láti tì í jìnnà kó tó dá mi lóhùn, ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sì ṣòro láti rìn. Mo fi ọtí tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ sínú rẹ̀. Ó dára fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo gbé e fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe láti pààrọ̀ ọ̀pá náà gan-an. Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi òjé lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ jáde láìjóná. Ọ̀kan jóná. Páàdì kú pátápátá.

Mo sì tún ra irú rẹ̀ gan-an, torí mo gbà pé àgbákò ni ti àkọ́kọ́. Oṣù mọ́kànlá ló lò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe àgbákò. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì mọ̀ nípa rẹ̀. Lọ́dún 2020, ààrẹ Nintendo tọrọ àforíjì ní gbangba fún wàhálà tí àwọn oníbàárà ń rí lórí Joy-Con, páàdì ẹ̀rọ Switch wọn. Síbẹ̀, Joy-Con 2 tó jáde lọ́dún 2025 kò lo Hall effect lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra lórí èyí, torí mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pè é ní olóòfà: òòfà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ń sọ.

Olóòfà náà ní ẹ̀ka ẹ̀tàn tirẹ̀

Páàdì kẹta mi kọ «Hall effect» gàdàgbà síwájú páálí. Inú mi dùn, mo ra á. Oṣù mẹ́fà, drift. Ìgbà tí mo ka ẹ̀yìn páálí dáadáa ni mo rí i pé tírígà nìkan ló jẹ́ olóòfà, eléèédú ni ọ̀pá méjèèjì. Wọn kò purọ́ lójú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí mo máa rò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá kì í ṣe «Hall effect» lásán. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ ọ̀pá mọ́ ọn. Bí wọn kò bá dárúkọ ọ̀pá, ẹ gbà pé kò sí níbẹ̀.

Olóòfà gidi náà kì í ṣe àìkú. Sípíríǹgì tó ń dá ọ̀pá padà sí àárín lè rọ̀. Bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ ọ̀pá, tí ẹ máa ń tẹ̀ láti di ọ̀tá mú, ń gbó bíi ti gbogbo bọ́tìnnì. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ta ọ̀pá sí ọ̀tún tí ẹ fi í sílẹ̀ lójijì, á fò kọjá àárín díẹ̀ kó tó padà. Akọni yín lè tipa bẹ́ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀tá fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lè dán èyí wò kí ẹ tó gba páàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo máa sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é.

Bọ́tìnnì

Ohun tí kì í hàn nínú ìpolówó ni pé nínú Dark Souls àti Elden Ring, bọ́tìnnì kan náà ni ìsáré àti ìyẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, akọni ń sáré. Nítorí náà géèmù gbọ́dọ̀ dúró kó rí i bóyá ẹ máa tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ìgbà tí ẹ bá gbé ìka kúrò ló tó ń yẹ̀. Bí bọ́tìnnì ṣe ń padà sókè wá ṣe pàtàkì bí ó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Rọ́bà rírọ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ eléèédú ń padà wá bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Àwọn olóòfà tó ní bọ́tìnnì tó ń dún «tẹ́» bíi ti máòsì ń padà kíá. Ó ń pariwo lóru, ṣùgbọ́n mi ò lè padà sí rọ́bà mọ́.

Bọ́tìnnì ẹ̀yìn páàdì náà tọ́ sí owó díẹ̀ sí i. Ẹ gbé ìyẹ̀ síbẹ̀, kí àtàǹpàkò ọ̀tún má kúrò lórí kámẹ́rà nígbà tí ẹ bá ń sáré.

Àwọn yòókù

Aláìníwáyà tàbí oníwáyà: ẹ fi wáyà so ó nígbà ìjà tó le, kí ẹ lo aláìníwáyà fún ìyókù.

Ìwúwo: ẹ gbé e lọ́wọ́.

Gbígbọ̀n àti tírígà tó ń le mọ́ ìka: eléèédú tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fúnra wọn ń tà ló lékè níbí, DualSense, páàdì PS5, pàápàá. Ó dùn gan-an. Kò ṣèrànwọ́ kankan fún mi láti borí ọ̀tá.

Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì: fún ìbọn yíyìn, wọ́n dára ju páàdì lọ. Fún idà, ọ̀nà mẹ́jọ péré ni kíbọ́ọ̀dù lè rìn, kò sì mọ ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yàtọ̀ sí eré.

Ẹ̀rọ tí ẹ ń lò: èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlà kan. Ọ̀pọ̀ olóòfà wà fún kọ̀ǹpútà, fóònù àti Switch, ṣùgbọ́n PS5 kì í gba páàdì tí Sony tó ṣe é kò fún ní àṣẹ láti fi gbá géèmù PS5. Ẹ ka orúkọ ẹ̀rọ tó wà lára páálí kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ PS5 nìkan lẹ ní, DualSense Edge tó jáde lọ́dún 2023 jẹ́ eléèédú, ṣùgbọ́n ẹ lè yọ ọ̀pá rẹ̀ kúrò kí ẹ fi tuntun sí i láìsí òjé. Ó wọ́n ju ti gbogbogbòò lọ.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Bó bá jẹ́ géèmù bọ́ọ̀lù àti ọkọ̀ lẹ ń gbá ní òpin ọ̀sẹ̀, eléèédú tó bá ẹ̀rọ yín wá tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá fẹ́ràn bí tírígà ṣe ń le mọ́ ìka, tàbí tí ẹ̀rọ yín kò gba òmíràn. Bó bá jẹ́ àkíṣọ̀n lẹ ń gbá lójoojúmọ́, tí ẹ̀rọ yín sì gbà á, olóòfà ni kí ẹ rà. Tèmi ti lé ní ọdún méjì, mo sì ń lò ó ju bí mo ṣe lo méjì àkọ́kọ́ lọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ dán an wò lọ́jọ́ tó bá délé, nígbà tí páálí rẹ̀ ṣì wà. Ojú ìwé ìdánwò páàdì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ so páàdì mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí i. Nọ́ńbà méjì ló máa hàn fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, láti -1 dé 1. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ 0 tó. Ẹ ta ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ lójijì, kí ẹ sì wò ó bóyá nọ́ńbà á fò kọjá sí òdìkejì. Ẹ ṣe é nígbà ogún, lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Páàdì mi tó kú ń fi 0.18 hàn láìsí ọwọ́ lórí rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo dán an wò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí: 0.00 àti 0.01.