Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta àti ṣéènì ọ̀kadà

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì lọ síbi tí a ti fẹ́ lò ó.

Ṣéènì máa ń há mọ́ eyín wíìlì, kì í yọ̀. Bí wíìlì eléyín kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì níwájú bá ní eyín 14, tí èyí tó wà lára táyà ẹ̀yìn ní 42, ìgbà 3 ni ti iwájú máa yí kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré dín kù, ṣùgbọ́n agbára tó ń yí táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tí ọ̀kadà fi ń gbé èrò gun òkè nìyẹn. Àmọ́ ṣéènì ń fẹ́ òróró, ó ń pariwo, iyanrìn sì ni ọ̀tá rẹ̀.

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta kò léyín. Fífún tó fún mọ́ wíìlì ló fi ń fà á, nítorí náà ó lè yọ̀. Ẹ má tíì pè é ní àbùkù o! Bí ìṣó bá bọ́ sínú ata tí ọlọ sì há, bẹ́líìtì lè yọ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa fara gbá a. Òróró ni kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Bẹ́líìtì ni màá mú fún ata. Lórí ọ̀kadà eléèrò? Ṣéènì, láìjanpata.