Ilé tí mo gbé lẹ́yìn Bàrígà: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, kànga ló gba ọ̀kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá self-contain fún séṣọ̀n tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ n rò fún yín. Mi ò ní dárúkọ ilé náà, ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ́ǹtì bá mú yín dé ilé alájà kan tí kíátékà ẹ̀ máa ń jókòó sórí táyà lẹ́nu géètì, ẹ rọra o.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa. Kànga wà nínú kọ́ńpáùndì, omi ẹ̀ mọ́, NEPA mú iná lọ o, kò mú un lọ o, ẹ ó rí omi wẹ̀, ẹni tó bá ti gbé àdúgbò yẹn rí mọ̀ pé ìyẹn ò kéré. Òrùlé ò sì jò. Ó tán.

Ẹ̀jẹ́ǹtì gba 5,000 lọ́wọ́ mi kí n tó rí yàrá, yàrá tó fi hàn mí lọ́jọ́ yẹn gan-an kọ́ ni wọ́n padà fún mi. Rẹ́ǹtì 400,000, agírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́n 120,000, kọ́ṣọ̀n (owó tí wọ́n máa ń dá padà téèyàn bá kó jáde) 50,000, wọ́n tún ní kí n san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà! Màmá mi ní ṣé wọ́n fẹ́ ta ilé náà fún òun ni. Ọdún kan la san. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Òfin Ayálégbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, ní onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àtẹni tó gbà á àtẹni tó san án ló jẹ̀bi, 100,000 owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ ò rí nǹkan, èmi tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ni wọn ì bá tún mú.

Mo ní kí bàbá onílé fún mi ní rísíìtì, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, o ò fọkàn tán mi ni?" Mi ò gbà, mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn rísíìtì sìmẹ́ǹtì kan. Ẹ má fojú di bébà yẹn o.

Oṣù kẹjọ tí mo débẹ̀ ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pé 650,000 ni báyìí, ẹni tí ò bá ní in kó kẹ́rù ẹ̀ kí oṣù tó parí. Èmi ṣì ní oṣù mẹ́rin nílẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí ò rí i. Àfi bí mo ṣe dé láti skúùlù ní Túsìdeè kan tí mo bá àgádágodo kejì lórí tèmi. Ìwé mi, gáàsì mi, ID card tí mo fẹ́ fi wọ ìdánwò lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹ̀ wà nínú ilé. Kíátékà ń jẹ gúgúrú ní tiẹ̀, ó ní "bàbá ló ní kí n tì í".

Bọ̀dá kan tó ń ka Law nílé yẹn ló ní kí n má fọ́ ọ o. Ó ní tí agírímẹ́ǹtì ò bá sọ iye mìíràn, nótíìsì oṣù mẹ́fà lẹ̀tọ́ ẹni tó ń san lọ́dọọdún, nótíìsì ọjọ́ méje tún tẹ̀ lé e, kóòtù ló kù, ẹni tó bá fipá léni jáde lè san tó 250,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó oṣù mẹ́fà. Ó mú mi lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà láìdé kóòtù, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n wo bébà sìmẹ́ǹtì mi, wọ́n kọ lẹ́tà sí bàbá. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, àgádágodo ti kúrò. Lọ́jọ́ ìpàdé, bàbá wọ agbádá wá, wọ́n ń pè mí ní "ọmọ mi". Mo lo oṣù mi pé, kọ́ṣọ̀n jáde lẹ́ẹ̀mejì, kọmíṣọ́n ti wọgbó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé òfin yìí yọ ilé tí skúùlù fúnra ẹ̀ ń bójú tó fún akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, bó ṣe yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti Ikeja GRA. Ká ní họ́sítẹ́ẹ̀lì skúùlù ni wọ́n ti tì mí mọ́ta, òfin tí bọ̀dá yẹn kà fún mi ò ní dé ibẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ló yẹ káwọn aṣòfin Èkó kọ́kọ́ tún ṣe jàre.

Ìràwọ̀ kejì, rísíìtì ni mo fún un. Ọjọ́ tí mo wá kó gáàsì mi, ẹni tuntun ti ń gbálẹ̀ yàrá yẹn, àgádágodo kejì sì wà lójú wíńdò kíátékà.